Ooru Tí Tẹ̀mómítà Kì Í Rí

Ní ọdún kan tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò ìyá mi, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Gàrí nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, mo bá wọn nínú ìbínú tí n kò rí irú rẹ̀ lójú wọn rí. Oníbàárà kan ti sanwó sílẹ̀, ó sì ń kánjú, nítorí náà àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ tú àpò ẹ̀gẹ́ kúrò lábẹ́ jáàkì nígbà tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì dà á sínú agbada. Igi ìdáná tó yẹ kó yan àpò mẹ́ta kò yan ju ẹyọ kan àti ààbọ̀ lọ. Iná ń jó geere, wọ́n ń ki igi bọ̀ ọ́, síbẹ̀ ohun tó wà nínú agbada ń lẹ̀ mọ́ ara wọn, ó ń rú fùù, kò sì fẹ́ gbẹ. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà béèrè bóyá igi ọdún yẹn ni kò lágbára. Àǹtí mi dá a lóhùn pé, "Igi lágbára o. Omi ni ẹ ń yan, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í yan gàrí."

Ó tó ọdún díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì gidi ni wọ́n sọ lọ́jọ́ náà. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ wa kọ ìlànà ìṣirò kan nípa ooru sójú pátákó, ó ní kí a há a sórí, a sì há a sórí. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé ohun tí ìlànà náà ń sọ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú agbada gàrí, nínú ìkòkò mọ́ínmọ́ín, lára ìgò mínírà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríìjì, àti lára àwa fúnra wa lọ́sàn-án gangan.

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ènìyàn, ó ní láti ya ohun méjì sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn, èyíinì ni ooru àti ìwọ̀n ìgbóná. Ìwọ̀n ìgbóná ni ohun tí tẹ̀mómítà ń kà. Ooru ní tirẹ̀ ni agbára tí iná ń kó fún nǹkan, tàbí tí nǹkan gbígbóná ń fà lé nǹkan tútù lọ́wọ́. A sábà máa ń rò pé àwọn méjèèjì jọ ń rìn ni, pé bí ooru bá ti ń wọlé, ìgbóná gbọ́dọ̀ máa gòkè, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ́pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n tí yìnyín bá fẹ́ yọ́ di omi, tàbí tí omi bá fẹ́ hó di oru, ooru á máa wọlé ní tirẹ̀, tẹ̀mómítà á sì dúró sójú kan bí ẹni pé kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ mìíràn ni ooru yẹn ń ṣe lásìkò náà: ó ń tú àwọn èérún omi tó so mọ́ ara wọn sílẹ̀. Nígbà tí oru bá padà di omi, tàbí tí omi bá padà dì, gbogbo ooru tó ti wọlé yìí náà ló ń jáde padà, kò sí èyí tó ṣègbé. Òun ni mo ń pè ní ooru tó fara pamọ́.

Joseph Black, oníṣègùn àti olùkọ́ kẹ́míísì ní Yunifásítì Glasgow ní Scotland, ni ó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1761 sí 1762. Ohun tí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ nígbà náà ni pé bí yìnyín bá ti dé ojú ibi tó ti ń yọ́, ooru díẹ̀ péré ló kù tí gbogbo rẹ̀ á fi di omi lẹ́ẹ̀kan náà. Black wo òjò dídì orí òkè, ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí pé bó bá rí bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo òjò dídì ìgbà òtútù ìbá máa yọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo tí oòrùn bá mú, omíyalé ìbá sì máa gbá abúlé lọ lọ́dọọdún. Ó gbé ìgò méjì tó jọ ara wọn sínú gbọ̀ngàn ńlá kan. Omi tó ti dì wà nínú ọ̀kan, omi tó tutù dé bèbè dídì wà nínú èkejì. Ní ààbọ̀ wákàtí, èyí tó jẹ́ omi ti gòkè dé dígíì 40 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit tí wọ́n ń lò. Wákàtí mẹ́wàá àti ààbọ̀ ni èyí tó jẹ́ yìnyín lò kó tó débẹ̀. Gbọ̀ngàn kan náà ni wọ́n wà, afẹ́fẹ́ kan náà ló ń fẹ́ sí wọn, nítorí náà ooru tó ń wọ inú ìgò méjèèjì kò lè yàtọ̀ púpọ̀. Ibo wá ni ooru wákàtí mẹ́wàá lọ?

Mo dán irú rẹ̀ wò nínú ilé ìdáná mi lọ́dún tó kọjá, nítorí pé ohun tí mo bá kà tí n kò rí lójú kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ra tẹ̀mómítà tí àwọn oníkéèkì ń lò, mo bu ààbọ̀ lítà omi sínú abọ́ oníke méjì tó jọ ara wọn, mo gbé ọ̀kan sínú fírísà di ọjọ́ kejì, mo sì fi èkejì sí ibi tó kàn tutù nínú fíríìjì. Nígbà tí mo kó wọn síta, mo dúró títí ojú èyí tó dì fi ń dán, tí omi àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sun lára rẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkókò. Èyí tó jẹ́ omi gbéra láti dígíì 3 dé dígíì 11 lórí òṣùwọ̀n Celsius láàárín ogún mínìtì ó lé díẹ̀. Àfi bí ẹni tí a rán níṣẹ́ kánjúkánjú. Èyí tó dì ń wò mí ni. Mo se ìrẹsì, ó jinná, a jẹ ẹ́, mo fọ àwo, yìnyín ṣì wà láàárín abọ́, omi sì yí i ká, tẹ̀mómítà tí mo tì bọ omi náà kò kúrò ní tòsí òdo. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta kí èérún yìnyín ìkẹyìn tó yọ́ tán. Ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi ṣọ́ ọ béèrè bóyá tẹ̀mómítà ti bàjẹ́. Mo ní kó tì í bọ àgbo gbígbóná tó wà lórí tábìlì, ó sì rí i bó ṣe fò sókè.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà sí i. Lórí òṣùwọ̀n tí à ń lò lónìí, ooru tó tó 4.2 kìlójúùlù (ìwọ̀n tí a fi ń wọn ooru) ni ó ń gbé kìlógíráàmù omi kan gòkè ní dígíì kan. Láti yọ́ kìlógíráàmù yìnyín kan, láìjẹ́ pé ó gbóná sí i rárá, 334 kìlójúùlù ni a nílò. Èyí túmọ̀ sí pé ooru tó yọ́ yìnyín yẹn lásán lè gbé omi kan náà láti ojú òdo dé nǹkan bí dígíì 80, ibi tí ènìyàn kò ti lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Obìnrin tó ń ta yìnyín ní àdúgbò wa mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó iná ni ó fi ń wọ̀n ọ́n. Ó máa ń sọ pé píọ́wọ́tà rẹ̀ kì í pẹ́ tutù, àmọ́ kó tó dì, ọ̀rọ̀ di ti òru mọ́jú. Kí omi tó kúrò ní dígíì 28 dé ojú òdo, nǹkan bí 118 kìlójúùlù ni fírísà ń fà jáde lára kìlógíráàmù kan, ṣùgbọ́n kó tó dì pátápátá, 334 mìíràn gbọ́dọ̀ jáde, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àkọ́kọ́. Nítorí náà bí iná ọba bá lọ ní agogo méjì òru, ohun tó máa bá nínú fírísà láàárọ̀ ni ọ̀rá omi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti dì tí àárín rẹ̀ ń mì jẹ́lójẹ́ló, kò sì sẹ́ni tó máa ra ìyẹn lówó yìnyín. Àmọ́ ohun tó ń jẹ ẹ́ níyà yìí náà ló ń gbè é. Fírísà tó ti kún fún yìnyín gidi kì í bẹ̀rù kí iná lọ fún wákàtí mélòó kan, nítorí pé gbogbo ooru tó bá ń yọ́ wọlé ni yìnyín á máa gbé mì, ẹran àti ẹja tó wà láàárín rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé iná lọ.

Bí ti yìnyín bá le báyìí, ti oru ló tún le jù. Láti mú kìlógíráàmù omi kan láti ojú òdo dé ibi tó ti ń hó ní dígíì 100, nǹkan bí 420 kìlójúùlù ni. Láti sọ omi tó ń hó yẹn di oru, 2,260 ni, èyí tó ju ìlọ́po márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ tẹ̀mómítà kò ní kúrò lórí 100 láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ Àǹtí Gàrí ti wá yé mi. Kí lítà omi kan tó bá inú ẹ̀gẹ́ lọ gẹ́gẹ́ bí oru, bí a bá ka ooru tó kọ́kọ́ mú un gbóná mọ́ ọn, ó gba nǹkan bí 2,570 kìlójúùlù. Kìlógíráàmù igi gbígbẹ kan ní tó 15,000 tàbí 16,000 nínú, ó sì dà bí ẹni pé ó pọ̀, ṣùgbọ́n ààrò ìta gbangba tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí kì í jẹ́ kí ju ìdá kan nínú mẹ́wàá sí ìdá kan nínú méje rẹ̀ dé inú agbada, ìyókù ti bá èéfín lọ. Bí mo ṣe ṣírò ó, lítà omi kọ̀ọ̀kan tí jáàkì kò bá fún jáde ń jẹ igi tó kìlógíráàmù kan, tàbí kó lé. Omi tí jáàkì fún jáde kò sì jẹ igi kankan, nítorí pé omi ló wọlé, omi náà ló jáde, kò pa ipò dà. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn. Bí àwọn obìnrin yẹn bá ti fi àpò sílẹ̀ lábẹ́ jáàkì di ọjọ́ kejì péré, ìdajì igi wọn ni wọn ìbá rí mú relé.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń bá àwọn ará ilé mi fà jọ èyí. Ẹni tó ń se ẹ̀wà tí ó sì ṣí gáàsì dé góńgó lẹ́yìn tí ẹ̀wà ti hó kò mú un jinná kíákíá. Omi tó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́ àti èyí tó ń hó tó ń ta sókè, ọgbọọgba ni ìgbóná wọn. Ohun tí iná ńlá yẹn ń ṣe ni pé ó ń sọ omi ẹ̀wà di oru, tí wọ́n á tún wá bu omi tútù sí i. Ìkòkò tó ń ti oru mọ́ inú ara rẹ̀ nìkan ló lè gbé omi kọjá 100. Ní ìlú Jos, tó wà lókè tó nǹkan bí 1,200 mítà, omi ti ń hó ní nǹkan bí dígíì 96, ẹ̀wà ibẹ̀ a sì máa pẹ́ díẹ̀ ju ti Èkó lọ.

Mọ́ínmọ́ín ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àpẹẹrẹ ilé ìdáná. Omi kò tó nǹkan nísàlẹ̀ ìkòkò, ewé tó wà lókè kò sì fara kan omi rárá, síbẹ̀ ó ń jinná. Oru ló ń gòkè lọ bá a, bí ó bá sì ti kan ewé tó tutù jù ú lọ, á di omi lára ewé náà, á sì já gbogbo ooru tó gbé pamọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, á wá kán padà sísàlẹ̀ láti tún lọ gbé òmíràn wá. Ẹrù ni oru ń kó. Ohun tó ń se mọ́ínmọ́ín yìí kan náà ló ń bó ènìyàn lápá. Gíráàmù oru kan tó bá di omi lára awọ ènìyàn ń já ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí gíráàmù omi híhó kan máa já kó tó tutù dé ìwọ̀n ara. Ẹni bá fẹ́ ṣí ìkòkò mọ́ínmọ́ín, etí ìdérí tó jìnnà sí i ni kó kọ́kọ́ gbé sókè. Èéfín funfun tí à ń rí lókè ìkòkò náà, omi wínníwínní tó ti tutù díẹ̀ ni. Oru gidi kì í hàn sójú, tòsí ẹnu ìkòkò ni ó wà, níbi tó dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ẹrù tí oru ń kó yìí ló ya James Watt lẹ́nu. Òun ló ń tún irinṣẹ́ ṣe ní yunifásítì tí Black ti ń kọ́ni, ó sì ń bá ẹ̀dà kékeré ẹ̀rọ Newcomen, ẹ̀rọ tí oru ń mú ṣiṣẹ́, yí ní ìgbà òtútù ọdún 1763 sí 1764. Ó rí i pé oru díẹ̀ lè mú omi tútù tó ìlọ́po mẹ́fà ìwúwo rẹ̀ gbóná dé ibi híhó. Ó lọ sọ fún Black, Black sì la ìdí rẹ̀ yé e. Ní ọdún 1765 ni Watt wá rò ó pé kí ibi tí oru ti ń di omi yàtọ̀ sí ibi tó ti ń ti ọ̀pá ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ má baà máa fi ooru ṣòfò nípa pé ó ń gbóná ó ń tutù ní gbogbo ìgbà.

Sílíńdà gáàsì náà ń sọ ìtàn kan náà níbi ìnáwó. Olómi ni gáàsì tó wà nínú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ hó kó tó jáde sínú rọ́bà. Ara rẹ̀ àti irin tó yí i ká ni ó ti ń fa ooru tó fi ń hó. Nígbà tí àwọn alásè bá so ó mọ́ ààrò ńlá tó ń gbé ìkòkò ìrẹsì, híhó yẹn á yá ju bí ooru ìta ṣe lè wọlé lọ, sílíńdà á tutù, á máa sun omi, nígbà mìíràn yìnyín á bò ó nísàlẹ̀, iná á sì rẹlẹ̀ bí ẹni pé gáàsì ti tán. Kò tíì tán. Ẹ jẹ́ kó sinmi, tàbí kí ẹ so òmíràn mọ́ ọn. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi iná yá a. Fíríìjì ń lo àrà yìí kan náà tọkàntọkàn: gáàsì inú rẹ̀ ń hó nínú páìpù inú, ó ń gbé ooru oúnjẹ wa, ó sì ń lọ di olómi padà lẹ́yìn fíríìjì, ibi tí ògiri ti máa ń gbóná.

Ara tiwa náà kò gbẹ́yìn. Lítà òógùn kan tó bá gbẹ lára ènìyàn ń gbé tó 2,400 kìlójúùlù lọ. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ gbẹ. Èyí tó ń kán sílẹ̀ tótótó nínú ọkọ̀ dánfó ní Èkó kò gbé ooru kankan lọ, torí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti mu omi yó, kò sì ráyè fún tiwa. A kàn ń rin lásán ni. Ní ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ á gbẹ, òógùn á gbẹ kí á tó mọ̀ pé a làágùn, ètè á bẹ́, aṣọ tí a sá á gbẹ láàárín wákàtí kan, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ á sì máa gbọ̀n lábẹ́ oòrùn. Lára ìgò mínírà, òdìkejì ni: oru inú afẹ́fẹ́ ló ń di omi lára ìgò, ó sì ń já ooru rẹ̀ sínú mínírà náà, ìdí nìyẹn tí ohun mímu fi ń tètè lọ́wọ́ọ́wọ́ lójú ọjọ́ tí ọ̀rinrin bá pọ̀.

Àmù ni ó lo ọgbọ́n òógùn yìí kí fíríìjì tó dé. Amọ̀ tí a fi mọ ọ́n ní ihò wínníwínní, omi á máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ síta, á gbẹ lára ìkòkò, á sì fa ooru tó fi gbẹ lára omi tó kù nínú àmù. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, gbé ọgbọ́n náà síwájú ní àwọn ọdún 1990 nígbà tó ki ìkòkò kan bọ inú òmíràn, tó sì di iyanrìn tútù sáàárín wọn, kí ewébẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Ẹ̀bùn Rolex ló fi gbà ní ọdún 2000. Ó bá ilẹ̀ Hausa mu ju tiwa lọ, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ.

Àmù ìyá àgbà mi wà ní igun yàrá wọn, lórí iyanrìn tó máa ń tutù nígbà gbogbo, tí ewé tẹ́tẹ́ kan máa ń hù létí rẹ̀ láìsí ẹni tó gbìn ín. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, mo fẹ́ ṣe wọ́n lóore. Ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ ewé kù sílẹ̀ lára èyí tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn ilé, mo sì fi í kun àmù náà yípo, láti ọrùn dé ìdí, ó ń dán gbinrin. Ìyá àgbà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì súre fún mi. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn lọ ni àwọn àlejò ti ń fi ife padà lẹ́yìn ẹnu kan ṣoṣo, nítorí pé omi náà ti lọ́wọ́ọ́wọ́ bí omi inú korobá. Iyanrìn ìdí rẹ̀ gbẹ, ewé tẹ́tẹ́ kú. Kò sí ẹni tó mọ ohun tó ṣe é, èmi náà kò mọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún padà wá nígbà ọyẹ́, mo bá àmù tuntun ní igun yàrá, pupa, tí kò lọ́dà lára. Èyí tí mo kùn wà ní ilé ìdáná. Èlùbọ́ ni ìyá àgbà kó sínú rẹ̀, wọ́n sì ní kò sí kòkòrò tàbí ọ̀rinrin tó lè wọ ibẹ̀.